Ìbòjú Kì í Ṣe Ẹ̀kú: Àlàyé lórí Ọdún Kánífà ní Ítálì àti Málítà

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń kó ìṣòro bá ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ìwé ilẹ̀ Yúróòpù sí èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà ni kánífà. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ọdún náà yóò rí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi aṣọ bo ara láti orí dé ẹsẹ̀, tí ojú wọn kò hàn síta, tí wọ́n ń jó kiri ìgboro. Kíá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti sọ pé ọdún egúngún àwọn Òyìnbó nìyí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé ohun tí kánífà jẹ́ ní ilẹ̀ méjì tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, èyíinì ni Ítálì àti Málítà, kí a sì fi hàn pé irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró. Egúngún ń ti ọ̀run bọ̀ wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó wọ ìbòjú ní Venice kò ti ibì kankan bọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Òfin àti ojú aládùúgbò ni ó ń sá fún. Bákan náà, kánífà kò dá dúró. Ààwẹ̀ ni ó fẹ̀yìn tì, oúnjẹ rẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rí tí ó dájú jù lọ lórí èyí.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni ó mọ ibi tí Ítálì wà. Málítà ni erékùṣù kékeré tí ó wà ní gúúsù Sicily, tí Bíbélì Yorùbá àtijọ́ pè ní Mẹ́lítà nínú ìtàn bí ọkọ̀ tí ó gbé Pọ́ọ̀lù ṣe fọ́ sójú òkun. Ẹ̀sìn àti ìtàn so ó pọ̀ mọ́ Ítálì pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ yàtọ̀ gédégédé, ìyàtọ̀ yìí yóò sì wúlò fún wa láìpẹ́.

2. Ohun tí Orúkọ ń Sọ

Láti inú carnevale ti èdè Ítálì ni kánífà ti wá. Àwọn ará ìgboro máa ń tú u sí carne vale, tí í ṣe 'ẹran, ó dìgbóṣe'. Ìtúpalẹ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè kò gbà á wọlé. Ohun tí wọ́n fara mọ́ ni pé carnelevare ni ó bẹ̀rẹ̀ sí, ìyẹn 'mímú ẹran kúrò'. Èyí ó wù kí a gbà, ẹran ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú òfin ìjọ Àgùdà àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹran kan ẹnu ní ogójì ọjọ́ ààwẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹyin, wàrà àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ pẹ̀lú wà lára èèwọ̀ náà. Ọjọ́rú Eérú ni ààwẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó ṣáájú rẹ̀ ni òpin kánífà, Martedì grasso ni wọ́n sì ń pè é, èyíinì ni 'Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọlọ́ràá'. Nítorí pé Àjíǹde kì í bọ́ sí ọjọ́ kan náà lọ́dọọdún, ọjọ́ yìí náà máa ń yí padà, láti ọjọ́ 3 oṣù Kejì títí dé ọjọ́ 9 oṣù Kẹta. Milan nìkan ni ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìlànà ìsìn Ambrose tí wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀ fi ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ sí ọjọ́ Àìkú, nítorí náà ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kánífà tiwọn ń parí. Ẹni tí kò bá tíì yó ní Venice lè wọkọ̀ lọ sí Milan.

Ní Málítà, ọ̀rọ̀ yìí gba ọ̀nà mìíràn yọ. Láti inú èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ní Sicily nígbà kan rí ni èdè Málítà ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà Róòmù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Randan ni àwọn ará Málítà ń pe ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ yìí. L-Għid ni wọ́n ń pe Àjíǹde. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un ibi tí ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì rí: Ràmàdáànì àti Ìdì ni. Kìrìsìtẹ́nì paraku sì ni àwọn tí ń lò wọ́n, àwọn náà ni wọ́n ń pe Ọlọ́run ní Alla. Ṣùgbọ́n Karnival ni wọ́n ń pe kánífà, ọ̀rọ̀ àyálò láti Ítálì. Ààwẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ó bá ìpìlẹ̀ èdè náà dé. Àríyá tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ orúkọ àlejò. A kò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dá ẹjọ́ ìtàn, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí a ń sọ mu pé ààwẹ̀ ni ìyá, kánífà ni ọmọ.

3. Ìbòjú àti Òfin ní Venice

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìbòjú jẹ́ ní Venice, ìwé òfin ni kí a kọ́kọ́ ṣí. Ní 1094 ni a ti kọ́kọ́ rí orúkọ kánífà nínú ìwé àṣẹ ìlú náà. Ní 1296, àwọn aláṣẹ sọ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ṣáájú ààwẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ní 1268 ni òfin ti kọ́kọ́ dárúkọ ìbòjú, ìdènà ni ó sì bá dé: a ní kí àwọn tí wọ́n bo ojú má ṣe ju ẹyin mọ́ ènìyàn mọ́. Ẹyin náà kì í ṣe ẹyin lásán, omi olóòórùn dídùn ni wọ́n máa ń rọ sínú èèpo rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òfin ń gorí òfin. Ní 1339, a ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìbòjú rìn lóru. Ní 1458, a ka á léèwọ̀ fún ọkùnrin láti múra bí obìnrin kí ó lè wọ ilé àwọn obìnrin tí wọ́n fi ara wọn jìn fún Ọlọ́run. Ní 1608, Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́wàá kéde pé lílo ìbòjú jálẹ̀ ọdún ti di ewu fún ìlú, pé àkókò kánífà àti àwọn àsè ìjọba nìkan ni kí a ti máa lò ó. Ẹ̀wọ̀n, owó ìtanràn àti wíwa ọkọ̀ ojú omi ìjọba ni ìjìyà fún ọkùnrin tí ó bá rú òfin náà. Aṣẹ́wó tí ó bá rú u yóò jẹ ẹgba ní gbangba.

Kí ni ó fa gbogbo èyí? Venice jẹ́ ìlú tí a ti mọ ẹni gbogbo mọ ipò rẹ̀. Ìdílé àwọn ọlọ́lá tí ń ṣèjọba ni a kọ sínú ìwé, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ kò lè ráyè wọ inú wọn. Àṣọ tí ènìyàn wọ̀ ń sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ìbòjú ni ó ń gba ẹ̀rí yìí lẹ́nu aṣọ. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ni bauta: ìbòjú funfun, agbádá dúdú, fìlà onígun mẹ́ta. Wọ́n ṣe ìsàlẹ̀ ìbòjú náà kí ó yọ síwájú, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ fi lè jẹun, kí ó sì mu ọtí láìṣí i kúrò. Àlàfo yìí sì ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ọkùnrin ń wọ̀ ọ́, obìnrin ń wọ̀ ọ́, ọlọ́lá àti oníṣòwò ń wọ̀ ọ́. Bí a bá pàdé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ lójú pópó, 'Siora maschera', èyíinì ni 'Ìyáàfin Ìbòjú', ni a ó fi kí i, ì báà ṣe akọ tàbí abo. Kíkí tí kò bi ìran léèrè, tí kò bi ipò, tí kò tilẹ̀ bi bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: àwa tí ìkíni wa kì í yọ ọjọ́-orí àti ipò sílẹ̀ lè mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó.

Òfin tí ó ń de ìbòjú náà ni ó tún ń pa á láṣẹ. Ní Ridotto, ilé tẹ́tẹ́ tí ìjọba ṣí ní 1638 tí wọ́n sì tì ní 1774, ẹni tí ó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ gbọ́dọ̀ bo ojú. Gbèsè kò ní mọ ojú ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin ní ìbòjú mìíràn tí a ń pè ní moretta, tí a fi aṣọ àrán dúdú ṣe, tí ó rí róbótó. Kò ní okùn. Bọ́tìnnì kékeré kan ni ó wà ní inú rẹ̀, tí obìnrin náà yóò fi eyín dì mú. Bí ó bá la ẹnu báyìí, ìbòjú já bọ́. Àwọn kan ń ka moretta sí ohun ẹwà tí ó mú kí obìnrin dà bí àdììtú; lójú tiwa, ìbòjú tí ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kò jọ ohun tí a fi ń wá òmìnira.

Àwọn tí ń ṣe ìbòjú wọ̀nyí ní òfin ẹgbẹ́ tiwọn láti 1436, wọ́n sì wà lábẹ́ agboolé àwọn ayàwòrán. Bébà tí a rẹ, tí a fi lẹ́ẹ̀ pò, ni wọ́n sábà máa ń mọ. Nígbà tí Napoleon gba Venice ní 1797, tí ìjọba ọlọ́lá náà sì wó, kánífà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ. Ní 1979 ni wọ́n jí i dìde. Èyí tí wọ́n ń ṣe báyìí lẹ́wà, ó sì ń mú owó wọlé, ṣùgbọ́n nǹkan kan ti bọ́ lára rẹ̀: àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí kò nílò ìbòjú kí a má baà dá a mọ̀.

4. Níbi tí Àríyànjiyàn Wa ti Lè Yẹ̀

Ẹni tí kò bá gba ohun tí a ti sọ lè mú wa lọ sí Mamoiada, ìletò kan ní àárín òkè Sardinia. Níbẹ̀ ni àwọn Mamuthones ti ń jáde. Ìbòjú wọn jẹ́ igi dúdú tí a gbẹ́, tí ó le koko, tí kò rẹ́rìn-ín. Awọ àgùntàn dúdú ni wọ́n wọ̀, wọ́n sì gbé agogo màlúù kún ẹ̀yìn, tí ìwúwo rẹ̀ lè tó kílógíráàmù 30. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Ìlà méjì ni wọ́n ń tò sí, wọn a máa fo lẹ́ẹ̀kan náà kí agogo lè dún papọ̀. Àwọn Issohadores tí wọ́n wọ ẹ̀wù pupa ń bá wọn rìn, wọ́n ń fi okùn mú òǹwòran. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ Antonio Mímọ́, nígbà tí wọ́n ń dá iná ńlá ní àdúgbò, ni wọ́n kọ́kọ́ ń jáde lọ́dún, kí kánífà gan-an tó wọlé.

A gbà pé ẹni tí ó bá rí Mamuthones lójú àlá lè pè é ní egúngún. Kò sí àwàdà níbẹ̀, kò sì sí òfin tí wọ́n ń sá fún. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí orírun wọn: àwọn kan ń tọ́ka sí òrìṣà àtijọ́, àwọn mìíràn sí iṣẹ́ darandaran. Síbẹ̀, ìletò náà kò pè wọ́n ní bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ kí wọ́n súre fún un, wọn kò sì ní oríkì ìdílé tí a fi ń kí wọn. Ìrísí tún ni, kì í ṣe ìtumọ̀.

Ọ̀nà kejì tí ọ̀rọ̀ lè gbà yẹ̀ ni pé, ní èdè Ítálì, maschera kì í ṣe ohun tí a fi bo ojú nìkan. Arlecchino ará Bergamo tí ẹ̀wù rẹ̀ kún fún àbùlẹ̀, Pantalone ará Venice tí ó jẹ́ ahun oníṣòwò, Balanzone ará Bologna tí ìwé pọ̀ lórí rẹ̀ ju ọgbọ́n lọ, Pulcinella ará Naples oníimú kọdọrọ: maschera ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti inú eré commedia dell'arte ni wọ́n ti wá, wọ́n sì wọ inú kánífà, tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀. Kódà Viareggio, tí kánífà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1873, dá Burlamacco tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1930. Àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, ìwà àti ohùn, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wọ aṣọ wọn di wọ́n. Níbi yìí nìkan ni ìlò èdè Ítálì ti fẹ́ jọ tiwa, nítorí pé àwa náà kì í fi 'egúngún' pe aṣọ. Ẹ̀kú ni aṣọ.

5. Málítà: Ojú Laskri

Ẹgbẹ́ àwọn ajagun Jòhánù Mímọ́ ni ó ṣèjọba Málítà láti 1530 sí 1798. Lẹ́yìn tí wọ́n lé ọmọ ogun Tọ́kì padà ní 1565, ijó idà kan tí a ń pè ní Parata di ohun tí a fi ń rántí ogun náà, ó sì di àṣà pé kánífà kò lè bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn olórí fọwọ́ sí i níwájú ààfin.

Ní 1639, Ọ̀gá Àgbà Lascaris fi òfin de àwọn obìnrin láti wọ ìbòjú. Àwọn ọ̀dọ́ ajagun gbà pé àwọn àlùfáà Jésúìtì ni wọ́n ń gbà á nímọ̀ràn. Wọ́n fi àwọn àlùfáà náà ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kánífà, ọ̀rọ̀ sì di ìjà: wọ́n ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Jésúìtì ní Valletta, wọ́n sì mú kí a lé wọn kúrò ní erékùṣù náà fún ìgbà díẹ̀. Lascaris ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n èdè kò gbàgbé rẹ̀. Títí di òní, bí ará Málítà bá rí ẹni tí ó fajú ro, yóò ní ó ní 'wiċċ Laskri', ojú Lascaris. Ẹni tí ó fẹ́ ṣí ìbòjú lójú àwọn ẹlòmíràn ni ojú rẹ̀ wá di òwe.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní 1846 lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Gómìnà Patrick Stuart, ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì láti Scotland, kò fẹ́ kí a fi ìbòjú ba ọjọ́ Olúwa jẹ́, ó sì kà á léèwọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kánífà. Àwọn ènìyàn gbọ́ òfin. Wọ́n wá sí ìgboro Valletta pẹ̀lú ajá, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ti wọ̀ láṣọ kánífà. Òfin kò dárúkọ ẹranko. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, àwọn sójà dá sí i, a sì kó àwọn kan sí àtìmọ́lé. Àwọn ará Málítà fúnra wọn náà mọ bí a ti ń de ìbòjú: láti 1936 ni òfin ti kọ̀ kí a fi kánífà bú àwọn olóṣèlú, ọdún 2013 ni wọ́n tó mú un kúrò.

Ní Nadur, ìlú kan ní erékùṣù Gozo, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ẹ̀bùn, kò sí ètò. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ènìyàn yóò fi aṣọ àtijọ́, àpò àti ohunkóhun tí ó bá wà nílé bo gbogbo ara. Ọ̀pọ̀ wọn kì í fọhùn. Nadur kò tóbi, ẹni tí ó bá fọhùn ti di mímọ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu bà, èyí ni a rò pé ó sún mọ́ Venice àtijọ́ jù, ju Venice òde òní lọ.

6. Ọ̀rá tí a Gbọ́dọ̀ Jẹ Tán

Bí ẹran, ẹyin àti ọ̀rá bá máa di èèwọ̀ ní ọ̀la, òní ni a gbọ́dọ̀ jẹ wọ́n tán. Ìdí nìyí tí oúnjẹ kánífà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ díndín gbogbo. Ní Venice, fritole ni: ìyẹ̀fun, ẹyin àti èso àjàrà gbígbẹ, tí a dín bíi puff-puff. Ní sẹ́ńtúrì 17, àwọn tí ń dín in ní ẹgbẹ́ tiwọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò tirẹ̀, ọmọ wọn ni ó sì ń jogún iṣẹ́ náà.

Ìpápánu kejì ni èyí tí a na ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, tí a dín in kí ó gbó, tí a sì wọ́n ṣúgà lé e. Ó jọ chin-chin tí a kò gé wẹ́wẹ́. Kò sí ibi tí a kì í jẹ ẹ́ ní Ítálì, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka-èdè fetí sí. Ní Venice, galani. Ní Róòmù, frappe. Ní Tuscany, cenci, èyíinì ni 'àkísà'. Ní Milan, chiacchiere, 'ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́'. Ní Piedmont, bugie, 'irọ́'. Ẹnu ọjà ni ará Piedmont ti ń ra irọ́ ní ìwọ̀n kílò kan, kò sì sí ẹni tí yóò bá a wí.

Ní Naples, lasagna ọlọ́ràá ni oúnjẹ ọjọ́ náà, wọ́n sì tún ń jẹ sanguinaccio, ọbẹ̀ dídùn tí a fi ṣokoléètì àti ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ sè. Láti 1992 ni òfin ti kọ̀ kí a máa ta ẹ̀jẹ̀ náà. Èyí tí ó wà lọ́jà báyìí kò ní in nínú.

Oúnjẹ lè di ohun ìṣèjọba pẹ̀lú. Ní 1721, Ọ̀gá Àgbà Zondadari gbé kukkanja kalẹ̀ níwájú ààfin Valletta: pákó tí a kàn ga, tí a fi ewé bò, tí a so ẹran ẹlẹ́dẹ̀, sọ́séèjì àti ẹran ààyè mọ́. Bí a bá ti fi àmì hàn, ogunlọ́gọ̀ yóò rọ́ lù ú; ohun tí ènìyàn bá rí gbé jáde láàárín èrò ni tirẹ̀. Àwọn ọba Naples ń ṣe irú rẹ̀ ní sẹ́ńtúrì náà. Ìwé ìtàn sábà máa ń kà á sí ìwà ọ̀làwọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá ń wo ìjà náà láti ojú fèrèsé, ẹni tí ebi ń pa ni ó sì di ìran wíwò.

Prinjolata ni àkàrà òyìnbó kánífà Málítà lónìí. Ó ga bí òkìtì, bọ́tà àti álímọ́ńdì kún inú rẹ̀, ìpara funfun bò ó, èso igi páìnì tí wọ́n ń pè ní prinjol, tí ó fún un lórúkọ, sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ṣokoléètì. Bí Ọjọ́rú Eérú bá dé, kwareżimal gba ipò rẹ̀: álímọ́ńdì, ìyẹ̀fun àti ṣúgà, láìsí ẹyin, láìsí ọ̀rá. Láti inú ọ̀rọ̀ Ítálì fún ààwẹ̀ ni orúkọ yìí ti wá. Báyìí ni ará Málítà ṣe ń gba ààwẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, tí ó sì ń jẹ ìpápánu rẹ̀ ní èdè Ítálì.

7. Ọ̀rọ̀ wo ni a ó Lò?

Fún ọdún náà, kánífà tó wa. Àyálò ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a gbé ọdún egúngún fún un. Fún ohun tí a fi bo ojú, ìbòjú ni a lò jálẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ ìbomú tí ó gbòde ní 2020 kò lè ṣe é. Ọdún náà gan-an ni àrùn kòrónà mú kí wọ́n dá kánífà Venice dúró ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì, nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí ó parí.

Èkó tilẹ̀ ti ní ọ̀rọ̀ kan nílẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brasil padà wá, àwọn tí a fi orúkọ wọn pe ìjọ Àgùdà, mú kàrẹ́tà wá pẹ̀lú wọn, láti inú careta ti èdè Potogí, tí í ṣe ojú àfibojú. Ẹ̀ka kan náà ni ó jẹ́ pẹ̀lú ti Ítálì, nítorí pé inú kánífà àwọn Potogí tí ó ṣáájú ààwẹ̀ ni ti Brasil ti yọ. Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń wo kàrẹ́tà kò fi orúkọ egúngún pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé egúngún ń jáde ní ìlú kan náà. A dábàá pé kí àwọn olùtumọ̀ lo kàrẹ́tà fún ẹni tí ó wọ ìbòjú kánífà. Fún maschera tí ó jẹ́ Arlecchino tàbí Pulcinella, tí ó ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀, ìbòjú kò tó, kàrẹ́tà kò sì bá a mu; ẹ̀dá-ìbòjú ni a lè pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ ẹ̀dá-ìtàn nínú ìtàn àròsọ.